Ẹ̀rọ Ò Bàjẹ́, Èèyàn Kú: Florida, Ẹ Gba Àyẹ̀wò Lọ́wọ́ Páàkì

Wọ́n ti ṣí Stardust Racers padà, ìyẹn róòlà kósítà, ẹ̀rọ eré tó máa ń gun òkè tó sì ń rọ́ wálẹ̀ lójú irin. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 2025 ni, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà tí ọkùnrin ẹni ọdún 32 gùn ún ní Epic Universe, páàkì eré ilé iṣẹ́ Universal ní Orlando, tó sì gba ibẹ̀ lọ sọ́run. Universal ní ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é, àwọn òṣìṣẹ́ tẹ̀lé ìlànà, kò sóhun tó já, kò sóhun tó kán. Ìjọba ìpínlẹ̀ Florida ní ohun táwọn rí bá tiwọn mu. Dókítà tó yẹ òkú wò ní ìjàǹbá ni, pé nǹkan líle ló gbá a lára níbi púpọ̀. Ó tán nìyẹn, ẹ wá to láìnì.

Ìwé ìròyìn yìí ò sọ pé kí wọ́n ti róòlà kósítà náà pa títí ayé o. Ohun tó ń bí wa nínú ni bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ̀rọ ò bàjẹ́, bíi pé ìyẹn ló yẹ kó fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ká ní nǹkan kan ló já ni, wọn ì bá tún un ṣe, gbogbo wa ì bá sì gbàgbé. Nígbà tí kò sóhun tó já, tí òṣìṣẹ́ ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wọn, tí èèyàn wá kú síbẹ̀, ṣé kì í wá ṣe ìlànà yẹn gan-an àti ìjókòó yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n tú wò ni?

A ti sọ ọ́ níbí ṣáájú, a ó tún un sọ títí á fi yé wọn: àwọn tó ń ṣe ohun tó ń di èèyàn mú lórí ẹ̀rọ wọ̀nyí, irú ara kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹ wo ọ̀pá tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ sórí itan, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Mack Rides ti Jámánì fi sí Stardust Racers. Ibi tó yẹ kó jókòó sí ni orí itan, lẹ́bàá ìbàdí, torí egungun ibẹ̀ lágbára. Tí ẹ̀rọ bá gun òkè tán tó wá ń rọ́ wálẹ̀, ara á fẹ́ fò kúrò lórí ìjókòó, ìgbà yẹn làwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ máa ń pariwo ayọ̀, ìgbà yẹn náà ló sì jẹ́ pé ọ̀pá yẹn nìkan ló kù tó mú ẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹni tí ikùn ẹ̀ tóbi, ikùn lọ̀pá máa kọ́kọ́ bá, ibẹ̀ ló máa dúró sí, iná á tàn pé ó ti tì, àlàfo á sì wà láàárín ọ̀pá àti itan. Ikùn rọ̀, ó ń fún, ó ń sún. Ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ wá ńkọ́? Ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò lágbára, tí ò lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kó fi gbé ara ẹ̀ ró ńkọ́? Ọkùnrin tó kú ní Epic Universe yẹn, kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ló ń lò.

Ẹni bá ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, kó jẹ́ ká rán an létí. Lọ́dún 2004, ní páàkì Six Flags New England, ọkùnrin ẹni ọdún 55 já bọ́ látorí róòlà kósítà tí wọ́n ń pè ní Superman, ara ẹ̀ ò jẹ́ kí ọ̀pá náà dé ibi tó yẹ kó dé, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Lọ́dún 2011, ní Darien Lake ní ìpínlẹ̀ New York, sójà tí ogun Iraq gba ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, òun náà já bọ́, ìlànà páàkì fúnra wọn sì ní ẹni tí yóò bá gùn ún gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ méjì, òṣìṣẹ́ ló gbà á láyè. Lọ́dún 2013 ó kan obìnrin ẹni ọdún 52 lórí róòlà kósítà New Texas Giant, ní Arlington, Texas. Páàkì ní ẹ̀bi ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ni, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ní ẹ̀bi páàkì ni. Kí wọ́n tó tún un ṣí, wọ́n ti fi síìtì bẹ́ẹ̀lì sí i, wọ́n pààrọ̀ tìmùtìmù ara ọ̀pá ẹ̀, wọ́n sì gbé ìjókòó kan sẹ́nu ọ̀nà kí èèyàn lè dán an wò bóyá ó máa gbà á. Ohun tí a ń bèèrè láti ọjọ́ yìí nìyẹn, tí wọ́n ń wò wá bíi wèrè. Ó ṣeé ṣe ṣáájú ikú náà. Wọn ò ṣe é ni.

Àwọn kan á ní ààbò lọ̀rọ̀ wà, ẹ fi ìtura sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì fara balẹ̀ wo bí èèyàn ṣe ń jókòó sórí nǹkan wọ̀nyí. Èyí tó ń gba orí èjìká sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó ti pẹ́, líle ló máa ń le, tí ẹ̀rọ bá ti yà báyìí á gbá ẹ létí ọ̀tún, tó bá tún yà á gbá ẹ létí òsì, èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí. Ilé iṣẹ́ Bolliger àti Mabillard ti Switzerland wá ṣe irú èyí tó dà bí ẹ̀wù tí kò lápá, ó rọ̀ o, àmọ́ àwọn tó ń gùn ún ń ráhùn pé bí ẹ̀rọ ṣe ń lọ ló ń fún mọ́ èèyàn láyà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá orí itan ṣe wá gbajúmọ̀, orí àti èjìká gba òmìnira, inú gbogbo èèyàn dùn, ṣùgbọ́n gbogbo ẹrù wá já lé itan lórí. Èyí tó burú jù ni pé tí ọ̀pá bá ń dun èèyàn, èèyàn á máa rẹ́ ẹ jẹ. Á fẹ́ ikùn jáde, á ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀, kí òṣìṣẹ́ tó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó lè ráyè mí tó bá yá. Ọmọ wa ń ṣe é, àwọn àgbà ń ṣe é. Ọ̀pá tó ń ni èèyàn lára, àwọn tó ń gùn ún fúnra wọn ló máa sọ ọ́ di aláìwúlò.

Ká wá sọ ti ìjọba. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta 2022, ọmọ ọdún 14 já bọ́ látorí Orlando FreeFall, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè fíofío tó sì ń já wọn sílẹ̀, ní ICON Park, Orlando. Ìwé tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kọ ní ẹni tó bá ju kílò 130 lọ ò gbọdọ̀ gùn ún, ọmọ náà sì jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn ẹnjiníà tí ìpínlẹ̀ gbà rí i pé ẹnì kan ti fọwọ́ yí sẹ́ńsọ̀ ìjókòó ẹ̀, ohun tó ń sọ fún ẹ̀rọ bóyá ohun tó di èèyàn mú ti tì, tó fi jẹ́ pé àlàfo tó wà níbẹ̀ lè fẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì èyí tó yẹ, iná á sì tún máa tàn pé kò séwu. Kò sí síìtì bẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀. Gómìnà DeSantis fọwọ́ sí òfin tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà pè lọ́dún 2023, ní ìparí 2024 àwọn adájọ́ ará ìlú sì ní kí ilé iṣẹ́ Austria tó ṣe ẹ̀rọ náà san mílíọ̀nù 310 dọ́là fún àwọn òbí ẹ̀.

A mọ ohun tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn: FreeFall yẹn gan-an ní pámíìtì ìjọba, ìjọba ló yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni. Àyẹ̀wò ìjọba ò ní kí èèyàn má kú. Ṣùgbọ́n ìjọba láṣẹ láti wọ ibẹ̀, wọ́n gba ẹnjiníà tiwọn, wọ́n gbé ìwé àbájáde síta, gbogbo ayé kà á, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí a fi mọ̀ nípa sẹ́ńsọ̀.

Ní Universal ńkọ́? Òfin Florida yọ páàkì tó bá ní òṣìṣẹ́ 1,000 tó sì ní olùyẹ̀wò tiẹ̀ sílẹ̀. Disney, Universal, SeaWorld, Busch Gardens, gbogbo wọn ló ń yẹ ara wọn wò, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ máàkì ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fi orúkọ àìsàn àti ìfarapa ránṣẹ́, tẹni tó bá lò tó wákàtí 24 nílé ìwòsàn, gbólóhùn kan péré, ó parí. Ẹ̀ka tó sì ń gba ìwé yẹn, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni. Àgbẹ̀ o! Ẹ má sì wo Washington, torí láti 1981 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti gba agbára lórí páàkì ojú kan lọ́wọ́ àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Kọmíṣọ́nà Wilton Simpson, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ olórí ẹ̀ka àgbẹ̀ yẹn, ẹ ní ohun tẹ́ ẹ rí bá ti Universal mu. Ẹ gbé e jáde ká rí i. Gbogbo ẹ̀, títí kan ohun tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà sọ nípa ibi tí ọ̀pá yẹn jókòó sí lára ẹni tó ní irú ara bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni ìjọba, ẹ má di agbẹnusọ páàkì mọ́ wa lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sáré wá lé aláàbọ̀ ara kúrò lẹ́nu ọ̀nà o, torí ọgbọ́n ọ̀lẹ nìyẹn, a sì ti ń gbúròó ẹ̀. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara ní ewu tó dájú ni kí wọ́n fi ṣe ìlànà, wọn ò gbọdọ̀ fi àbá ṣe é. Universal yìí náà ló ṣe ìjókòó tó gba àwa orobo sórí ẹ̀rọ eré wọn tó ń jẹ́ Harry Potter and the Forbidden Journey, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí ó bá wù wọ́n. Kí ìjókòó ìdánwò wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo róòlà kósítà, níbi kọ́lọ́fín, kí èèyàn má baà to láìnì fún wákàtí kan kí wọ́n tó sọ fún un lójú gbogbo ayé pé kò lè gùn ún, torí ìtìjú yẹn ló ń mú kí ọmọ ọdún 19 tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa fi tipátipá tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀ dípò kó ní rárá. Kí àyè sì wà fún ọmọ náà láti ní rárá láìsí pé ọ̀gá ń ka ìṣẹ́jú lé e lórí.

Ilé aṣòfin Florida, ní Tallahassee, bẹ̀rẹ̀ ìjókòó ọdún 2026 ní oṣù kìíní. Àwa tí a ń kó ọmọ láti Houston, Atlanta àti Maryland lọ Orlando lọ́dọọdún ò lè dìbò níbẹ̀, owó wa ni wọ́n ń gbà. Àwọn tó lè dìbò wà láàárín wa o, ẹ pe aṣòfin yín, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá á fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fagi lé àyè tí òfin fi yọ páàkì tó ní òṣìṣẹ́ 1,000 sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó bá kọ̀ ránṣẹ́ sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ síbí.