Ta ló ní ọmọbìnrin jòjòló ni kò lágbára?

Wọ́n bí ọmọbìnrin, ìyá àgbà kan gbé e yẹ̀ wò, ó ní, "Ẹ rọra o, abo ọmọ rọ̀ ju akọ lọ." Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá kú kó tó pé ọdún kan, wọ́n á ní àwọn kúkú ti sọ. Ó dùn mí láti ja ìyá àgbà níyàn, ṣùgbọ́n òdìkejì ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ òótọ́.

Káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, láti Tùnísíà títí dé Gúúsù Áfíríkà, ọmọkùnrin ló ń kú ju ọmọbìnrin lọ láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ wo ọmọ méjì tí oṣù wọn kò pé kí wọ́n tó bí wọn, akọ kan, abo kan. Ẹ̀dọ̀fóró abo sábà máa ń tètè gbó ju ti akọ lọ. Abo lè máa mí wọ́ọ́rọ́ níbi tí akọ ti ń jà fitafita láti mí, tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, tí awọ àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá fa èémí. Abo tún ní krómósómù X méjì (krómósómù ni okùn tín-ín-rín inú ara tó gbé àbùdá tí a jogún), akọ ní ẹyọ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ orí X yìí ni ọ̀pọ̀ nǹkan tí ara fi ń bá àrùn jà wà.

Nítorí náà, níbi tí ọmọbìnrin bá ti ń kú ju ọmọkùnrin lọ, ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ara rẹ̀. Ní Íńdíà lọ́dún 2017, nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, ọmọbìnrin 34 ló kú kí wọ́n tó pé ọdún kan, ọmọkùnrin 32.

Ní Áfíríkà tiwa, ibi tí wọ́n bí ọmọbìnrin sí ló ń pa á. Ìwádìí ìjọba ilẹ̀ Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé ọmọ 67 nínú 1,000 ni kì í rí ọjọ́ ìbí àkọ́kọ́ wọn. Ti Rùwáńdà lọ́dún 2019 sí 2020 jẹ́ 33. Akọ àti abo ni wọ́n kà pọ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣàánú ara wa, ká yọ odidi mẹ́wàá kúrò nínú tiwa torí pé abo ni à ń sọ. Ó ku 57. Ọmọkùnrin Rùwáńdà, akọ tó yẹ kó tètè kú, ṣì sàn ju ọmọbìnrin wa lọ fíìfíì.

Ẹ má sì sọ pé bí tiwọn ṣe rí láti ilẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 2000, 107 ni tiwọn. Ohun tí wọ́n ṣe kò ní idán nínú: ará abúlé fúnra wọn yan òṣìṣẹ́ ìlera, ẹnì kan sì wà nínú wọn tí kò níṣẹ́ méjì ju ìtọ́jú aboyún àti ọmọ tuntun lọ. Ó mọ ẹni tó lóyún, ó mọ oṣù tó wà, òun ló ń lé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n tún dá ètò adójútòfò ìlera sílẹ̀ tí mẹ̀kúnnù lè san. Nínú ìwádìí wọn yẹn, ìbí 93 nínú 100 ló jẹ́ ní ilé ìwòsàn. Tiwa lọ́dún 2018? 39.

Ẹni tó bá ní owó ni, kó wo Equatorial Guinea. Wọ́n ní epo, èèyàn wọn ò pọ̀, síbẹ̀ ikú ọmọ ọwọ́ wọn ju ti Rùwáńdà lọ.

Bẹ́ẹ̀ a ò tiẹ̀ nílò láti kọjá ẹnubodè. Ìwádìí 2018 kan náà ka àwọn ọmọ tó kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún nínú 1,000: ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, 30, ní Kebbi, 252. Abo ọmọ Abẹ́òkúta àti abo ọmọ Birnin Kebbi, ara kan náà ni wọ́n gbé wáyé.