Aago Bàbá Àgbà Tí Wọ́n Tò Lóṣù Tó Kọjá

Bí Iléyá bá ti ku oṣù méjì báyìí, àwọn gbajúmọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde kan kì í sùn mọ́. Kì í ṣe aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló ń lé oorun lójú wọn, télọ̀ ti gba ìyẹn. Bàbá àgbà ni wọ́n ń tò lórí tábìlì: ilé aago onírin tó fẹ̀ tó 40 mílímítà, ojú aago dúdú, ìnjìnì Seiko NH35, gíláàsì onírọ́bà tó yọkùn síta díẹ̀. Tó bá wá di ọjọ́ kẹta Iléyá, ní Ojúde Ọba, wọ́n á ká ọwọ́ agbádá sókè: "Aago bàbá bàbá mi rèé o. 1968 ni wọ́n rà á ní Lọ́ńdọ̀nù."

Rolex Submariner 5513 ni púpọ̀ nínú wọn ń sín jẹ, èyí tí wọ́n ṣe láti 1962 títí di 1989. Aago náà kì í fi ọjọ́ hàn. NH35 ní tirẹ̀ ní àwo ọjọ́ nínú. Ojú aago kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ẹ fa kókó tí wọ́n fi ń wín aago síta: ó máa dún "kẹ̀" kan tí kò ní ṣe nǹkan kan, kó tó dún "kẹ̀" kejì tí ọwọ́ aago á máa yí. Tó bá di òru, àwo yẹn ṣì ń yí nínú òkùnkùn, ó ń ka ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí.

Ìmọ́lẹ̀ ló tún ń tú àṣírí jù. Wọ́n á tẹ T<25 sí ìsàlẹ̀ ojú aago, torí ó wà lára ti gidi: tritium ló ń mú un tàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 12 àti oṣù díẹ̀, ìdajì tritium ti lọ. Ti 1968 ti kú tipẹ́. Kí Ẹ̀gbọ́n wa ṣáà wọ abẹ́ òjìji wò, aago ajogúnbá á máa tàn bí iná Marúwá! Super-LumiNova, ìyẹ̀fun òde òní, ni wọ́n po mọ́ àwọ̀ ìyeyè kó lè dà bí ohun tó gbó.

Òrùka dúdú onínọ́ńbà tó yí gíláàsì ká ni wọ́n ń fìyà jẹ ní tirẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì àti omi, ìdajì-ìdajì, kí dúdú rẹ̀ lè ṣá di eérú. Ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ló yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá lọ bu ìkọ́kọrẹ́ jẹ á bá alumíníọ̀mù funfun níhòòhò, nọ́ńbà ti bá omi lọ. Àwọn mìíràn sì ra ti séráámíìkì láìmọ̀. Ìyẹn kì í ṣá. Wọ́n á rẹ ẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, á jáde pẹ̀lú dídán ju bó ṣe wọlé.

Ọwọ́ aago ńkọ́? Ihò ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n ṣe fún ETA 2824, ìnjìnì aago mìíràn, jẹ́ 0.25 mílímítà, ọ̀pá ti NH35 kò ju 0.20 lọ. Ẹni tí kò bèèrè kó tó rà, tirẹ̀ á jókòó dáadáa lórí tábìlì. Kí àwọn ẹlẹ́ṣin yin ṣakabùlà kan ṣoṣo, ó ti já sí ẹ̀bá 6. Ọlọ́gbọ́n kan á ní kí wọ́n fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́. Èéfín gúlù á sì fi funfun bo ojú aago látinú wá. (Ká sọ tòótọ́, kéèyàn gbé ọwọ́ mẹ́ta lé orí ara wọn láìfi ẹ̀mú ha ojú aago, iṣẹ́ ńlá ni. Kí ló dé tí wọn ò lè fi ìyẹn yangàn? Bàbá àgbà tó ń fi àkùkọ mọ àárọ̀ ni wọ́n gbé oyè náà fún.)

Àwọn adájọ́ wọn náà wà, àwọn tó ń fi awò kékeré wo aago ara wọn. Wọn kì í gbé e lé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró ìnjìnì, torí ẹ̀rọ ò mọ ojúsàájú: ìnjìnì 1520 ti 5513 ń lù ní ìgbà 19,800 ní wákàtí kan, NH35 ń lù ní 21,600, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ síta gbangba.

Lábẹ́ àtíbàbà, bí ẹnì kan bá ń ka ìtàn 1968 rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó jókòó tì í náà á ká agbádá. Òun náà, Lọ́ńdọ̀nù, 1968. Àbàwọ́n bí ẹyọ kọfí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 4 lójú aago méjèèjì, torí gbígbó ni wọ́n ti ń ta ojú aago náà láti ṣọ́ọ̀bù. Ìyá kan tó ń ta omi á wá bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé inú ọkọ̀ òkun kan náà làwọn bàbá yín wọ̀ bọ̀ ni?"