Tyson na Holmes, Holmes na Ali: ìṣirò tí kò gún

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun lẹ́yìn Ọjà Ọba, níbí ní Adó-Èkìtì, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán. Wọn ì báà máa wo bọ́ọ̀lù, ẹnì kan á ṣáà dá ọ̀rọ̀ àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò Amẹ́ríkà sílẹ̀, Muhammad Ali àti Mike Tyson, á ní, "Ká ní Ali àti Tyson pàdé ńkọ́?" Ibẹ̀ ni kílípà á ti dúró. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí tèmi ló dúró sí. Apá kan ti mọ́lẹ̀, apá kejì ṣì rí bí igbó, ni onígbàjámọ̀ bá kọjú sí mi bí agbẹjọ́rò: "Bọ̀dá, ìṣirò lásán ni. Tyson na Holmes. Holmes na Ali. Kí ló tún kù?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́ fún un.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́kadà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà. Ó dùn ún gbọ́. Ẹ jẹ́ ká wá tú u wò.

Lóòótọ́, Larry Holmes, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò Amẹ́ríkà bíi tiwọn, na Ali ní Las Vegas lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1980. Ali wo ni? Ẹni ọdún 38 tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò ja ìjà kankan fún ọdún méjì, tó wá padà wá kojú ọmọkùnrin tó ti máa ń bá a ṣe ìdánrawò nígbà kan. Lẹ́yìn ráùńdù kẹwàá, Angelo Dundee tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ó tó. Lóòótọ́ náà ni Tyson gbé Holmes ṣubú ní ráùńdù kẹrin, oṣù Kìíní ọdún 1988. Ọmọ ọdún 21 ni Tyson. Holmes ńkọ́? Ẹni ọdún 38 lòun náà, kò sì tíì jà láti oṣù Kẹrin ọdún 1986. Bàbá méjì tó ti rẹ̀ ni wọ́n nà, la wá so ìyà wọn pọ̀ bí okùn ìlẹ̀kẹ̀.

Ká tiẹ̀ pa ti ọjọ́ orí tì. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1987, Tony Tucker na James "Buster" Douglas, ìjà sì parí ní ráùńdù kẹwàá. Lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Tyson fi máàkì borí Tucker. Ìṣirò wa ní kí Tyson fi Douglas fọ ẹnu. Lóṣù Kejì ọdún 1990, ní Tokyo, Douglas na Tyson, ó nà án débi pé Tyson ń fi ọwọ́ wá ìdáàbòbò eyín rẹ̀ kiri ilẹ̀. Tí okùn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn bá gún, a jẹ́ pé Douglas náà yóò na Ali nìyẹn. Mi ò tíì rí ẹni tó lè la ẹnu sọ èyí ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn ọdún 1970. Joe Frazier na Ali ní New York lọ́dún 1971. Ọdún 1973, Ken Norton fọ́ egungun àgbọ̀n Ali, ó sì borí rẹ̀. George Foreman wá gbé Frazier lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ráùńdù méjì ní Kingston, ráùńdù méjì péré ló sì fi na Norton ní Caracas. Ẹni tó na àwọn méjèèjì tó na Ali! Àyà àwọn èèyàn ń já nítorí Ali kó tó lọ bá Foreman jà ní Kinshasa lóṣù Kẹwàá ọdún 1974. Ali gbá Foreman ṣubú ní ráùńdù kẹjọ.

Kò sí idán níbẹ̀. Frazier a máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a máa wọlé tọ èèyàn wá. Foreman ga jù ú lọ, ó ń fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn, ó sì ń ti ìsàlẹ̀ gbé ẹ̀ṣẹ́ pàdé orí tó ń tẹ̀ bọ̀. Ali ò tẹ̀ bọ̀ wá pàdé ẹnikẹ́ni. Ó fẹ̀yìn ti okùn, ó bo ojú, ó jẹ́ kí Foreman máa kan ẹ̀ṣẹ́ títí apá fi rẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ kan ṣe bá ọwọ́ kejì mu ni ìjà, àti àwọn tó ń jìjàkadì nílé wa mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Dick Tiger wa, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ọmọ Nàìjíríà, náà jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn tó na Gene Fullmer n'Ìbàdàn lọ́dún 1963, ó gòkè sí ìwọ̀n àwọn tó wúwo jù ú, ó sì gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ José Torres lọ́dún 1966. Nínú ìwọ̀n yẹn kan náà, Bob Foster tó fi bí íǹṣì méje ga jù ú gbé e ṣubú lọ́dún 1968. Ẹni tó bá wo ti Torres nìkan á ní Tiger lè gòkè dé ibi tó bá wù ú.

Àwọn kan tún ń sọ pé kọ̀ǹpútà ti fi hàn pé Rocky Marciano, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó ṣáájú Ali, á na Ali. Eré ni wọ́n yà lọ́dún 1969, àwọn méjèèjì rọra ń kan ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ìparí tí wọ́n yà sì ju ẹyọ kan lọ. Ní Amẹ́ríkà, Marciano ló borí. Ní Yúróòpù, Ali ni. Kọ̀ǹpútà yẹn mọ oníbàárà rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ gbọ́ gbogbo èyí, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ní Holmes ti dàgbà jù. Foreman ńkọ́? Ẹni ọdún 45 tó gbé Michael Moorer ṣubú lóṣù Kọkànlá ọdún 1994? Ogún ọdún gbáko lẹ́yìn Kinshasa! Iyán ogún ọdún, bọ̀dá, a máa jóni lọ́wọ́."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Tí wọ́n bá ti fi iyán lé èèyàn bá l'Ékìtì, ibo lèèyàn fẹ́ sá gbà?

Mo ní ó dáa. Ta ló na Foreman lọ́dún 1991? Ó ní Evander Holyfield. Ta ló na Holyfield lóṣù Kẹrin ọdún 1994? Ó ní Moorer. Foreman sì na Moorer. Ó na ìka kan sókè, ó na ìkejì, ó na ìkẹta, ó tún padà sí ìkíní. Ó wo àwọn tó jókòó. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ tẹ orí ba, bọ̀dá," ló wí, ó sì tan kílípà.