Ta ló ní àlejò ò gbọdọ̀ dìbò ní Adó?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ní ìpàdé lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa ní Adó-Èkìtì, ẹ̀gbọ́n kan tún dìde, wọ́n ní kí àwọn Ìgbìrà, Ìbò àti Háúsá tó ń gbé láàárín wa lọ dìbò nílùú wọn, pé òfin ò fún àlejò láyè níbí. Àwọn tó jókòó sì ń mi orí.

Òfin wo? Òfin ìdìbò ọdún 2022, abala 12, ní ọmọ Nàìjíríà tó bá ti pé ọdún 18 lè forúkọ sílẹ̀ níbi tó ń gbé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí níbi tó ti ṣẹ̀ wá. Èyí tó bá wù ú ni. Ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ ní Òkènè, ìlú àwọn Ìgbìrà, tẹ́lẹ̀, tó wá ń gbé Adó báyìí, abala 13 ní kó kọ̀wé sí kọmíṣọ́nnà INEC, àjọ elétò ìdìbò, ní Èkìtì níbí, kó fi ẹ̀dà káàdì ìdìbò rẹ̀ sí i, ó kéré tán 90 ọjọ́ kí ìdìbò tó dé. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kó gba àṣẹ lọ́wọ́ onílùú. Ìwé òfin ọdún 1999 náà, abala 43, ní ọmọ Nàìjíríà lè ní ilẹ̀ àti ilé níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa yìí náà ló sì ń ta ilẹ̀ fún wọn o. Owó wọn kì í ṣe àlejò.

Wàhálà darandaran ò ṣeé sẹ́, mo gbà. Òfin ìjẹko tí Èkìtì ṣe ní 2016 wà fún ìyẹn. Kí ló kan Ìgbìrà tó ń ta iṣu lọ́jà?

Àwa náà ti ṣe àlejò rí. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kó fi kúrò níbẹ̀. Bàbá ìyá mi wà nínú àwọn tó sá wálé. Títí tí wọ́n fi kú ni wọ́n ń ṣépè fún Busia.

Wọ́n á tún ní àlejò ò fẹ́ bá wa da pọ̀. Ìyá Ìgbìrà tí mo ń ra iṣu lọ́wọ́ wọn ní Ọjà Ọba, Èkìtì pọ́ńbélé ni wọ́n fi ń bá mi nájà. Bí owó tí mo dá bá kéré jù, òwe ni wọ́n á fi bú mi. Adó ni wọ́n bí ọmọ wọn obìnrin sí, ibẹ̀ náà ló ti kàwé. Ó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú nítorí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, àwọn tó ń fúnni ní ìwé náà ní kó lọ gbà á ní Òkènè, níbi tí kò mọ ẹnì kankan. Ta wá ni kò fẹ́ bá ta da pọ̀?