Ìdí Ọ̀pá Áńtẹ́nà

Bí ẹ bá bi àwọn ará ilé wa ní Pàkátà, ní Ìlọrin, léèrè ohun tí mo ń ṣe ní ìlú Leeds láti ọdún 2009, wọn yóò sọ fún yín pé iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe, pé n kì í fi ìrun ṣeré, àti pé òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nígbà méjì. Òótọ́ ni. Èyí tí n kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ni pé bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo sì ti bọ́ ẹ̀wù mẹ́ta tó wà lọ́rùn mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bó àlùbọ́sà, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni mo máa ń wà títí oorun yóò fi gbé mi lọ. Eré tí ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ kọ́ ni mo sì ń wò. Àwọn eré àtìgbàdégbà tí wọ́n ń gbé jáde nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ń wá kiri orí YouTube, nítorí pé, kí n má parọ́ fún yín, n kò rí wọn nígbà náà. Mo gbọ́ wọn ni.

Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ní agboolé wa, ti Àlàájì ni, dúdú-àti-funfun ni, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ilẹ̀kùn onígi tí Àlàájì máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tì bí ẹni tí ó so màlúù mọ́lé. Ọmọ tó bá pọnmi, tó sì fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ni ó ń jókòó sórí ẹní. Ọmọ tó bá jà ní ilé-kéwú, ojú fèrèsé ni yóò dúró sí. Èmi kò sí nínú ọ̀wọ́ méjèèjì. Nítorí pé mo ga ju ọjọ́ orí mi lọ, ìdí ọ̀pá áńtẹ́nà tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n yàn mí sí. Ọparun gígùn ni wọ́n fi gbé áńtẹ́nà náà sókè, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa yí i títí àwòrán yóò fi mọ́. Bí mo bá yí i díẹ̀, wọn á pariwo láti inú ilé pé, “Ó ti dáa!” Bí mo bá fi ọwọ́ sílẹ̀ báyìí, “Ó ti bàjẹ́!” Nígbà tó yá, wọ́n ṣàkíyèsí pé àwòrán a máa mọ́ kedere bí mo bá di ọparun náà mú tí mo sì na ọwọ́ òsì sókè. Bí mo ṣe di apá kan lára ẹ̀rọ Àlàájì nìyẹn. Láti ìgbà tí a bá ti kírun Mògàríbì tán títí di ìròyìn aago mẹ́sàn-án ni mo máa ń wà níbẹ̀, tí ẹ̀fọn ń fi ẹsẹ̀ mi ṣe oúnjẹ alẹ́, tí mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú ilé. Bí mo bá sì bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n máa ń dá mi lóhùn: “Dúró dáadáa!”

Eré tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí jù lọ ni Mind Your Language, eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe láti ọdún 1977 sí 1979. Olùkọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Brown, ló ń kọ́ àwọn àjèjì tó wà ní London ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì alẹ́: ará Ítálì, ará Jámánì, ará Faransé, ará Pakísítáánì, ará Ṣáínà, ará Japan. Gbogbo ayé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pé síbẹ̀, a kò sì rí ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo. Nígbà tí mo wá rí eré náà ní Leeds, tí mo gbé abọ́ ìrẹsì lé orúnkún, tí kò sí ọparun lọ́wọ́ mi, mo rẹ́rìn-ín fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti rí ìdí tí ọmọ Yorùbá kò fi sí níbẹ̀. Àyè mi ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Ranjeet, tó jẹ́ pé bí ó bá ṣe àṣìṣe, a pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, a sì tọrọ ẹgbẹ̀rún àforíjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹgbẹ̀rún, kò sì sí ẹni tó mú un. Èmi tí mo tọrọ ẹyọ kan péré, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an ni ọ̀gá wa obìnrin fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kọ ẹsẹ̀ tábìlì. Ìkángun yàrá lọ́hùn-ún ni mo wà, mo gbé àwo tíì méjì lọ́wọ́, mo sì ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi: mo ní, “Sọ́rì, mà.” Ó yíjú sí mi, ó bi mí pé kí ni mo ṣe. Mo ní n kò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí ló wá dé tí mo ń bẹ̀bẹ̀? Ẹ wo bí èèyàn yóò ṣe ṣàlàyé “pẹ̀lẹ́” fún ẹni tí èdè rẹ̀ kò ní i! Mo ní kì í ṣe pé mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń bá a gbé díẹ̀ nínú ìrora náà ni, pé bí ó bá jẹ́ Pàkátà ni, gbogbo agboolé ni ìbá ti bá a gbé e tán. Ó lọ mú ìwé ńlá kan wá, èyí tí wọ́n máa ń kọ ìjàǹbá ibi iṣẹ́ sí, ó sì ní kí n kọ orúkọ mi síbẹ̀ àti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn mí. Mo kọ ọ́. Nígbà tí bàbá arúgbó kan sín lọ́jọ́ kejì, tí ó tún sín, tí eyín rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀, mo panu mọ́ bí ẹni tí wọ́n fi òwú rán ètè rẹ̀.

Ìyá-àgbà kan wà lára àwọn tí mo ń tọ́jú, tí wọn kì í gbé oògùn mì títí Coronation Street yóò fi bẹ̀rẹ̀. Eré àdúgbò kan ni: ilé ọtí ni wọ́n ti ń pàdé, ìjà ni wọ́n sì fi ń túká. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, èyí tó túmọ̀ sí pé òmìnira Nàìjíríà fi oṣù méjì ó lé díẹ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n fún un. Mo sọ èyí fún ìyá-àgbà. Wọ́n ronú sí i, wọ́n sì bi mí pé nínú méjèèjì, èwo ni ìtàn rẹ̀ ń lọ síbì kan? Mo fún wọn ní oògùn wọn. Ọkùnrin kan wà nínú eré náà, William Roache, tó ń ṣe Ken Barlow, tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, tí ó sì ti lò ju ọgọ́ta ọdún lọ nídìí iṣẹ́ kan náà. Mo ń sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, wọn kò sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tí wọ́n fi ní ẹgbẹ́ òṣèlú wo ni ọkùnrin náà wà.

Èmi náà fi tiwa han ìyá-àgbà. Lórí fóònù mi ni mo ti ṣí Àrélù fún wọn, eré olóògbé Jimoh Aliu tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àwòrò. Mo fi Òrìṣàbùnmi hàn wọ́n, mo ní olóògbé Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Olla ni, ní gúúsù Kwara, kò jìnnà sí wa. Nígbà tó wá kan Fádèyí Olóró, olóògùn inú eré náà, mo fún wọn ní ìkìlọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Àwọn tó wà nínú ilé Àlàájì nígbà náà ń wo Fádèyí nínú àpótí, wọ́n mọ ibi tí ó wà. Èmi tí mo dá dúró lẹ́yìn ilé nínú òkùnkùn, tí ohùn rẹ̀ nìkan ń gba ojú fèrèsé bọ̀ wá bá mi, kí ló fi dá mi lójú pé inú àpótí ló wà? Ọparun náà ni mo máa ń dì mọ́, wọ́n sì máa ń yìn mí pé àwòrán kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ mìíràn. Fádèyí bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀. Ó pè é fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta láìmí, ó dárúkọ ewé, ó dárúkọ ẹyẹ, ó dárúkọ ohun tí kò yẹ kí n máa gbọ́ níbi iṣẹ́. Ìyá-àgbà ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo ronú títí. Mo ní, “Inú ń bí i.” Wọ́n mi orí, wọ́n ní ó ti yé àwọn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ àárọ̀ àwọn ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó di £174.50 lọ́dún ní ọdún 2025, n kò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 náà kúkú fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti gba irú owó bẹ́ẹ̀, Àlàájì sì ní aṣọ òfì kan tó mọ́wọ́ tí wọ́n máa ń jù bo tẹlifíṣọ̀n bí àlejò tí wọn kò mọ̀ bá kan ilẹ̀kùn. Mo ti san tèmi. Síbẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn mi ní Leeds, kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti fa bẹ́díṣíìtì bo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó gbé bàtà tí mo rà wá ni. Láti abẹ́ bẹ́díṣíìtì ni Fádèyí ti ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀, ọmọkùnrin náà sì sáré lọ láìjẹ́ kí n fọwọ́ síwèé.

Lọ́dún tó kọjá ni mo wá sílé. Láti inú ọkọ̀ òfurufú ni mo ti ń fojú inú wò ó pé ìyá mi yóò dì mọ́ mi, wọn yóò sunkún, wọn yóò sì kì mí. Wọ́n kì mí lóòótọ́. Wọ́n ní, “Àkànbí ọkọ mi, rọra kọjá, o dí mi lójú.” Zee World ni wọ́n ń wò, ìkànnì àwọn ará Íńdíà tó dé orí DStv ní ọdún 2015. Ìyá ọkọ kan ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó ilé, wọ́n fi ojú rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀mẹta, ààrá sì sán lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé àpótí mi kalẹ̀, mo jókòó.

Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n láti ìgbà Second Chance ni wọ́n ti sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò di eré lọ́wọ́. Ẹ rántí eré náà: bàbá olówó kan kú, wọ́n sin ín, ó sì padà wá nínú ara ọ̀dọ́mọkùnrin tálákà kan tí wọ́n ń pè ní Salvador, ó wá ń rí gbogbo ohun tí Isabel ìyàwó rẹ̀ ń ṣe. Ìyá mi kò fojú fo ọjọ́ kan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fara mọ́ ọn rárá. “Àkúdàáyà ni,” wọ́n tún sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn, “àmọ́ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àkúdàáyà gidi, ìlú òkèèrè ló ń lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Yóò wáṣẹ́ ṣe níbẹ̀, yóò gba yàrá, yóò máa jẹun. Bí ará ilé rẹ̀ bá ní àwọn fẹ́ wá wò ó, yóò ní òun kò ráyè.” Wọ́n wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé wàrà àwọn Fúlàní wà ní Leeds báyìí?” Mo ní kò sí. Wọ́n tún yíjú sí tẹlifíṣọ̀n.

Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo máa padà ni ìyàwó ilé yẹn fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Ó ti na ọwọ́, ìyá ọkọ ti yíjú, ààrá ti sán lẹ́ẹ̀kan, iná sì lọ. Kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Ìyá mi jókòó sínú òkùnkùn bí ẹni tí wọ́n jà lólè, wọ́n ní, “Àkànbí, jẹnẹrétọ̀ ilé Àlàájì ń dún.” Àlàájì ti di olóògbé tipẹ́, ọmọ-ọmọ wọn ló wà níbẹ̀ báyìí pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ, èèyàn kò sì lè dédé wọlé tọ ìdílé onídìílé lọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nítorí ìyá ọkọ ará Íńdíà. Mo gba ẹ̀yìn ilé. Mo dúró lójú fèrèsé, èmi tí mo ní ìwé ìrìnnà ìlú òyìnbó lápò.

Ọmọ kékeré kan ló kọ́kọ́ rí mi. Ó pariwo pé ẹnìkan wà lójú fèrèsé. Ìyá rẹ̀ ní ta ni, ó ní ó jọ ọmọ Àlàájà tó wà nínú fọ́tò. Ìyá rẹ̀ ní irọ́ ni, ìyẹn wà ní Leeds. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, mo sì gbọ́ tí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í ka àyàtúl-kúrúsíyù, ẹsẹ̀ Kùránì tí a fi ń lé àǹjọ̀nú. Mo ní, “Ẹ má bínú, èmi ni,” ó sì dà bí ẹni pé ìyẹn gan-an ni àkúdàáyà yóò sọ. Ọpẹ́lọpẹ́ baálé ilé tó mú tọ́ọ̀ṣì, tó tàn án sí mi lójú, tó sì dá mi mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi, ó ní kí n wọlé. Ibi tí mo ti ń bọ́ bàtà ni afẹ́fẹ́ kan ti fẹ́, tí àwòrán sì dúró gbagidi lórí tẹlifíṣọ̀n wọn, tí àwọn ọmọ figbe ta.

“Bùrọ̀dá,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ ga jù mí lọ. Ẹ bá wa di díìṣì yẹn mú díẹ̀.”

Mo padà sẹ́yìn ilé. Mo di í mú. Wọ́n ní kò tíì dáa, mo yí i, wọ́n ní ó ti ń bọ̀, ààrá sán lẹ́ẹ̀kejì nínú ilé, wọ́n pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti inú òkùnkùn ilé tiwa lọ́hùn-ún ni ìyá mi ti ń ké pé, “Àkànbí, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó ti gbà á?” N kò mọ̀. Mo bi wọ́n láti ojú fèrèsé, wọ́n ní kí n dúró dáadáa. Mo na ọwọ́ òsì sókè.