Mi Ò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni O

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú "mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o", ẹ tètè wá àga jókòó, torí orúkọ nìkan ni kò ní í sọ. Àwọn kan nínú àwọn tó ń pín káàdì ní kasínò, ìyẹn ilé tẹ́tẹ́ ńlá, ní Las Vegas lÁmẹ́ríkà ti sọ ọ́ di iṣẹ́ kejì. Wọ́n á pín káàdì títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọ́n á délé, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á wá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ láti ròyìn àwọn oníbàárà: ta ló fún wọn ní tíìpù (owó ẹ̀bùn fún ẹni tó ṣiṣẹ́ fúnni), ta ni kò fún wọn, ta ló ju dọ́là kan sílẹ̀ tó wá ń retí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀.

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Bàbá kan ni. Ó sanra, irun ti lọ láàárín orí rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó pupa ló wọ̀, Ohio ló ti wá, eyín wúrà kan wà lápá òsì ẹnu rẹ̀, obìnrin tó bá a wá kì í sì í ṣe ìyàwó rẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wá kù nínú orúkọ? Ìyàwó ilé á ti dá ọkọ rẹ̀ mọ̀ kó tó kà á dé orí eyín wúrà. Ọkùnrin náà tilẹ̀ lè ti sọ fún un pé ìpàdé iṣẹ́ lòun lọ. Las Vegas yìí kan náà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ara rẹ̀ ní 2003 pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ òun, ọ̀dọ̀ òun náà ló ń gbé. Ó ń gbé ibẹ̀ lóòótọ́, títí apínkáàdì á fi délé.

Wọ́n ní oyè tí wọ́n fi ń jẹ oníbàárà. Ẹni tó lawọ́ ni wọ́n ń pè ní George. Ẹni tí kò fúnni ní nǹkan, stiff ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹni tó gan paali bí òkú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fowó ra oyè lọ́dọ̀ọdún, ẹ ò rí i pé ó yá kíákíá lọ́dọ̀ wọn? Ẹ gbé owó ike kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀, síwájú apínkáàdì, ẹ ti di Olóyè George.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ ní Nevada, ìpínlẹ̀ tí Las Vegas wà, jẹ́ dọ́là 12 ní wákàtí kan láti oṣù Keje 2024, apínkáàdì tí owó rẹ̀ kò sì jìnnà sí iye yẹn pọ̀ níbẹ̀. Tíìpù lọbẹ̀, owó oṣù, omi tí wọ́n fi ṣan ọwọ́ ni. Ní ọ̀pọ̀ kasínò wọn, kì í tilẹ̀ ṣe ẹni tí wọ́n fún ló ń mú un lọ sílé. Wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ jọ ni, wọ́n á wá pín in ní ìbámu pẹ̀lú wákàtí tí oníkálukú ṣe. Nítorí náà, bí ahun kan bá jókòó sídìí tábìlì kan, ebi rẹ̀ ń pa gbogbo agbo. Ọ̀rọ̀ náà wúwo débi pé àwọn méjì tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà ní 2024, tí wọn ò fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá oòrùn máa yọ lọ́la, Las Vegas làwọn méjèèjì ti ṣèlérí pé ìjọba ò ní gba owó orí lórí tíìpù mọ́. Ní 2025, ó dòfin: ẹni tó bá yẹ lè yọ tíìpù tó tó 25,000 dọ́là lọ́dún kúrò nínú owó tí wọ́n á gba owó orí lé. Orúkọ apínkáàdì sì wà nínú ìwé àwọn tó kàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ni ahun gan-an nínú ilé yẹn? Ẹ wo kẹ̀kẹ́ roulette tí wọ́n ń yí níbẹ̀, tí bọ́ọ̀lù kékeré kan á já sínú ọ̀kan nínú àwọn ihò rẹ̀. Ihò 38 ló wà lára èyí tó wọ́pọ̀: ení dé 36, pẹ̀lú òdo àti òdo méjì. Bí ẹ bá fi dọ́là kan lé nọ́ńbà kan, tí Ọlọ́run gbọ́ àdúrà yín, wọ́n á dá dọ́là yín padà pẹ̀lú 35 lórí. Ìṣirò ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á sọ fún yín pé 37 ló yẹ kó jẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là tí ẹ bá ta, bí ẹ bá pẹ́ nídìí rẹ̀, márùn-ún ó lé díẹ̀ ti di ti onílé, láìjẹ́ pé onílé kí yín "ẹ kú ìgbádùn". Mo ti ń retí apínkáàdì tó máa kọ èyí láti ọjọ́ yìí:

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ọ̀gá kan ni. Ó ga tó ilé alájà 40, iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru, omi ń jó níwájú rẹ̀, kò sí aago lára ògiri rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wọlé lánàá ló gba owó lọ́wọ́ wọn. Dọ́là 12 ló fún mi ní wákàtí kan."

Ẹ ò ní rí irú rẹ̀ kà. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe nígbà kan o. Ní 2006, kasínò Wynn Las Vegas yí ètò padà, ó ní kí àwọn alábòójútó náà máa jẹ nínú tíìpù àwọn apínkáàdì. Wọn ò kọ ọ́ sí ọkùnrin Ohio lọ́rùn. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n gbà lọ, ẹjọ́ náà sì gba ọdún púpọ̀. Ní 2007, wọ́n dìbò pé àwọn fẹ́ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá ni wọ́n bá wọ̀jà nígbà yẹn. Bàbá olódòdó pupa ló wá kàn báyìí, torí òun ò lè lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

(Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí wọ́n ṣe lábẹ́ òfin tẹ́tẹ́ 1968 tilẹ̀ kà á léèwọ̀ fún apínkáàdì láti gba tíìpù. Òfin 2005 ló tú wọn sílẹ̀. Ahun fọkàn balẹ̀ ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún.)

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé oyinbo ló dá a sílẹ̀ ṣá. Onílù wa ti ń ṣe é kí Las Vegas tó ní títì. Bí onídùndún bá dúró síwájú yín lóde, tó ki yín dé orí baba ńlá yín, tí ọwọ́ yín kò sì kúrò nínú àpò, ìlù á yí ohùn padà. Àwọn tó gbọ́ èdè ìlù á bẹ̀rẹ̀ sí í fi gèlè bojú rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá gbá a mú, á ní, "Oríkì yín kọ́ yẹn ni, sà?" Ṣùgbọ́n ojú yín ló ti lù ú. Ẹ ṣì lè fa ẹgbẹ̀rún kan yọ, kí ìlù sì tún yí padà kíákíá. Ti Las Vegas, ẹ ti wọ bàlúù tán kí wọ́n tó lù ú.

Èyí tó wá ń dẹ́rù bà mí ni pé àwọn tiwa náà ti ń kọ́ ti òkèèrè mọ́ tilé. Onílù ń lu ìlù níwájú, ọmọkùnrin kan gbé fóònù sókè lẹ́yìn rẹ̀. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007 sì ti sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà lóde lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Kì í ṣe àwàdà: ní oṣù Kẹrin 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lọ síbẹ̀. Ẹni tó náwó, fóònù ni ẹlẹ́rìí tó máa gbé e dé kóòtù. Ẹni tí kò ná, fóònù kan náà á gbé e dé ojú ayé pé ahun ni. Ẹ sọ ibi tí ká fi owó sí fún mi.

Bí a bá sì máa ṣe é, ẹ jẹ́ ká ṣe é kó kárí. Kí àwọn tó ń ka owó ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣí ojú ìwé tiwọn. "Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Màmá kan jó wá síwájú pẹpẹ fún ogún ìṣẹ́jú, ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tẹ̀ ba, ó dìde, agbo ìdílé mẹ́rìndínlógún tẹ̀ lé e. Nínú àpòòwé rẹ̀: igba náírà, tí wọ́n fi téèpù lẹ̀."

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan tó ń pín káàdì lọ́hùn-ún wálé ní Kérésì, a sì jọ jáde lọ jẹun. Ó ní kí àwọn tó kúrò nídìí tábìlì, àwọn gbọ́dọ̀ pàtẹ́wọ́, kí àwọn sì yí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, kí kámẹ́rà inú àjà lè rí i pé àwọn ò kó nǹkan onílé dání. Mo bi í pé ọ̀rọ̀ oníbàárà tí wọ́n ń kó lọ ńkọ́. Ó ní kámẹ́rà kì í wo inú. Ó wá tẹjú mọ́ ọmọbìnrin tó ń palẹ̀ àwo wa mọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ fún un?" Fóònù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dárúkọ mi.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ló wí, "fìlà yín nìkan ni mo fẹ́ ṣàpèjúwe."