Kí orúkọ ẹni wà lára tàkúté

Bí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ fún dídẹ tàkúté bá ti délẹ̀ báyìí, owó ni gbogbo wa máa ń jà lé lórí. Èló ni? Ta ló ń gbà á? Ṣé ti ìpínlẹ̀ ni àbí ti ìbílẹ̀? Lójú tèmi o, owó ló kéré jù níbẹ̀. Ìwé wà nínú àpò ṣòkòtò nílé ní Ilé-Ifẹ̀, wáyà wà nínú igbó, ó ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ẹ wo wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ yẹn. Wọ́n á tẹ igi tútù kan wálẹ̀, wọ́n á so wáyà mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, wọ́n á wá fi ojóbó rẹ̀ sójú ọ̀nà ẹran. Ẹtu ń kọjá lọ, igi ta sókè, ó ti mú un lẹ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ òru ló kó sí i, tí ẹni tó dẹ ẹ́ dé ní ìdájí, ẹran ṣì jẹ́ ẹran. Bó bá di ọjọ́ kejì, ìjàlọ ti bo ojú rẹ̀, ikùn ti wú, kò sẹ́ni tó máa dúnàádúrà rẹ̀ mọ́ lọ́jà Atákúnmọ́sà. Wáyà ò sì mọ ẹtu yàtọ̀ sí ajá ọdẹ tàbí ewúrẹ́ onílé. Ẹni tó dẹ ogójì, tó gbàgbé márùn-ún, márùn-ún yẹn á máa pa ẹran tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ.

Ní ìpínlẹ̀ New York l'Amẹ́ríkà, 20 dọ́là ni ọmọ ìpínlẹ̀ ń san lọ́dún. Ẹ fi owó yẹn sílẹ̀, ẹ wo ohun tó so mọ́ ọn. Onítọ̀hún á kọ́kọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ àti àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà rẹ̀ á wà lára tàkúté kọ̀ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ibi, wákàtí 24 ò gbọdọ̀ kọjá kó tó padà lọ wò ó. Tàkúté eléyín, èèwọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, láti 1958 ni wọ́n ti fòfin de irú tàkúté irin tó ń gán ẹsẹ̀ yẹn, àwọn alágbẹ̀dẹ tiwa ṣì ń rọ ọ́. Kí ni eyín yẹn ń ṣe gan-an? Ó ń fọ́ egungun ni, ẹran á já ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jù sílẹ̀, á lọ kú síbòmíì.

Ohun tí mo fẹ́ rèé: kí wọ́n yé ta ìwé fún èèyàn nìkan, kí wọ́n ta àmì fún tàkúté. Páànù pẹlẹbẹ kékeré, kí wọ́n fi ìṣó lu nọ́ńbà sí i, torí bírò lórí bébà, òjò kan péré ló máa fọ̀ ọ́ nù. Ẹni tó ra àmì 15, 15 ni yóò dẹ. Wáyà tí ò bá ní àmì, kí ẹni tó bá rí i tú u dànù. Àgbẹ̀ tí òkété ń hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tó fi ẹyìn dẹ tàkúté sẹ́nu ihò nínú oko ara rẹ̀, ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyẹn. Kó ṣáà máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀.

Akíkà ńkọ́? Ìyẹn ò ní láíséǹsì. Ọdún 2016 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹran àti ewéko tó lè run, gbé gbogbo irú rẹ̀ sí ìpele kìíní, níbi tí ààbò ti le jù, Nàìjíríà sì wà nínú àdéhùn náà. Nínú òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1985 lórí irú ẹran bẹ́ẹ̀, 1,000 náírà ni ìtanràn ẹran ìpele kìíní fún ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀. Àtúnṣe ọdún 2016 sọ ọ́ di mílíọ̀nù 5. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín kí ẹ lè máa mú akíkà, jìbìtì ló lù yín. Bó bá kó sí wáyà yín, á ká jọ bí bọ́ọ̀lù. Ẹ má fipá tú u, ẹ má fà á nírù. Ẹ fi ẹ̀mú gé wáyà náà, ẹ yọ ọ́ lára rẹ̀, kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti dákẹ́, á tú ara rẹ̀, á bá tiẹ̀ lọ.

Ìwé àṣẹ tí wọn ò kọ irú ẹran, ibi àti ọdún sí, rìsíìtì lásán ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń dẹ tiyín lápá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, àṣẹ láti dẹ tàkúté kì í ṣe àṣẹ láti wọ igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ o. Ẹ béèrè ìyẹn lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé.